Òṣìṣẹ́bìnrin ààfin Kòríà àtijọ́: ṣé lóòótọ́ ni wọ́n ń pa wọ́n torí pé wọ́n fẹ́ràn ọkùnrin?

Àbẹ̀kẹ́_Bódìjà:
Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo mọ̀ pé àwọn tó ń fi dátà wo fíìmù Kòríà níbí kò kéré, ẹ gbà mí lórí ọ̀rọ̀ kan. Nínú èyí tí mò ń wò lọ́wọ́, ọmọbìnrin kan tó ń ránṣọ láàfin àti ẹ̀ṣọ́ kan ń kọ̀wé síra wọn. Ìwé lásán o, kò tíì sí nǹkan míì. Àṣírí tú, wọ́n ní kí wọ́n bẹ́ àwọn méjèèjì lórí. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé ọba tó ń bínú yẹn kò rí ọmọ náà sójú rí, àfi ọjọ́ tí wọ́n wọ́ ọ wá síwájú ẹ̀. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é nígbà yẹn, àbí àwọn tó kọ eré ló bu iyọ̀ sí i? Kí ló kan ọba nínú ẹni tí aránṣọ ń fẹ́?

Kúnlé_Peckham:
Mo ti ń dúró de ẹni tó máa béèrè eléyìí. Ìyàwó mi ò jẹ́ ká sùn mọ́ nílé torí àwọn fíìmù yìí. Mo ti fẹ́ ẹní mi jókòó.

Tíṣà_Ìtàn:
Àbẹ̀kẹ́, wọn ò bu iyọ̀ kankan sí i. Ìdílé Joseon ló jọba ní Kòríà láti 1392 títí di 1910 tí Jàpáànù gba ilẹ̀ náà mọ́ wọn lọ́wọ́. Láyé wọn, obìnrin tó bá ti wọ ààfin wá ṣiṣẹ́, obìnrin ọba ni lójú òfin. Ì báà jẹ́ aṣọ ló ń fọ̀, ì báà jẹ́ iná ló ń dá. Ọba lè má fojú kàn án títí tó fi máa kú, ìyẹn ò yí nǹkan kan padà. Ohun tó fi kan ọba nìyẹn.

Ní 1746, lásìkò ọba Yeongjo, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé òfin gbangba-gbàǹgbà: obìnrin ààfin tó bá bá ọkùnrin ìta sùn, kí wọ́n bẹ́ òun àti ọkùnrin náà lórí láìdúró. Ẹ má fojú kéré "láìdúró" yẹn. Ní Joseon, ọ̀pọ̀ ẹni tí wọ́n bá dájọ́ ikú fún ni wọ́n máa ń fi sẹ́wọ̀n di ìgbà tí ewé bá ń wọ́ kí wọ́n tó pa á, ọba sì lè yí ọkàn padà kó tó dìgbà yẹn. Aboyún tó bá jẹ̀bi ikú, ọgọ́rùn-ún ọjọ́ ni wọ́n máa ń fún un lẹ́yìn ìbímọ. Obìnrin ààfin ò rí èyíkéyìí nínú méjèèjì gbà. Tó bá lóyún, wọ́n á dúró kó bí i, lẹ́yìn náà, ó parí.

Ọ̀mọ̀wé kan tó gbé ayé lásìkò Yeongjo, Yi Ik, kọ ọ́ sílẹ̀ pé obìnrin ààfin ìgbà náà jẹ́ 684, àwọn ìwẹ̀fà sì jẹ́ 335. Ẹ wá sọ fún mi, nínú 684, mélòó ni ọba fẹ́ mọ̀ lórúkọ?

Ìyá_Ìbejì:
684! Ẹ̀yin Tíṣà, báwo ni wọ́n ṣe ń dé ibẹ̀? Ṣé òbí ló ń fà wọ́n kalẹ̀ àbí wọ́n ń jí wọn gbé ni?

Tíṣà_Ìtàn:
Kékeré ni wọ́n ti ń mú wọn, Mọ̀mí. Ọmọ ọdún mẹ́rin, márùn-ún, wọ́n á ti mú un wọ yàrá ọba tàbí ti olorì. Àwọn tó máa ránṣọ tàbí tó máa ṣe iṣẹ́ abẹ́rẹ́ aláràbarà lè pé ọdún mẹ́fà, méje. Ti ilé ìdáná àti ti ìfọṣọ máa ń dàgbà díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹyọ ọmọ kan, wọ́n á fi í sọ́dọ̀ àgbà obìnrin ààfin kan, òun ló máa tọ́ ọ, òun náà ló máa nà án.

Tó bá pé bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó ti wọlé, wọ́n á ṣe ayẹyẹ fún un kó lè di òṣìṣẹ́ gidi. Ayẹyẹ yìí ló ń dùn mí jù. Wọ́n á wọ̀ ọ́ láṣọ ìyàwó, wọ́n á di irun ẹ̀ bí irun ìyàwó, àwọn ará ilé ẹ̀ á gbọ́únjẹ wá. Gbogbo ohun tó ń jẹ́ ìgbéyàwó ló wà níbẹ̀, àfi ọkọ. Láti ọjọ́ yẹn lọ, ìyàwó ni. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún míì ló tún máa lò kó tó lè di sanggung, oyè tó ga jù tí ọwọ́ obìnrin òṣìṣẹ́ lè tó. Ẹni tó bá wọlé lọ́mọ ọdún márùn-ún, ó ti pé márùndínlógójì kó tó débẹ̀.

Wọ́n tún ní nǹkan kan tí wọ́n ń ṣe lálẹ́ ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún. Wọ́n á kó àwọn ọmọ kéékèèké tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé síta, wọ́n á fi àkàrà àlìkámà dí wọn lẹ́nu, wọ́n á fi aṣọ funfun dè é. Àwọn ìwẹ̀fà á wá fi ìtùfù oníná ṣe bí ẹni fẹ́ jó ẹnu wọn, wọ́n á máa pariwo pé kí wọ́n jó ẹnu eku. Àwọn ọmọ á máa ké, àwọn àgbà á máa rẹ́rìn-ín. Kí wọ́n lè mọ̀ láti kékeré pé ohun tójú bá rí láàfin, ẹnu ò gbọdọ̀ sọ ọ́.

Ìyá_Ìbejì:
Ọmọ ọdún márùn-ún. Olúwa ò.

Bàbá_Ọ̀yọ́:
Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi, kí ẹ má bínú. Ọba lọba ń jẹ́ níbi gbogbo. Láàfin Ọ̀yọ́ tiwa náà, ta ló tó bẹ́ẹ̀ kó máa ṣẹ́jú sí olorì? Ìwẹ̀fà kúkú wà lọ́dọ̀ Aláàfin, ara iṣẹ́ wọn sì ni kí wọ́n máa ṣọ́ agbo àwọn ayaba. Àwọn ọmọbìnrin tí ẹ ń káàánú yìí, ọba ló ń bọ́ wọn, ọba ló ń wọ̀ wọ́n láṣọ, wọ́n ń gba owó oṣù. Ẹni tó bá jẹ nínú àwo ọba, kó mọ̀ pé ọba ló ni òun. Ẹ má fi ojú ayé òde òní wo ayé àtijọ́.

Ṣadé_onígègé:
Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá, ṣùgbọ́n ẹ forí jìn mí. Ọmọ ọdún márùn-ún jẹ nínú àwo ọba, ta ló bi í bóyá ebi ń pa á? Ìwé òfin 1746 tí Tíṣà tọ́ka sí yẹn náà ló sọ pé àárín àwọn ẹrúbìnrin ìjọba nìkan ni kí wọ́n ti máa mú àwọn obìnrin ààfin. Ẹni tó bá mú ọmọ gbáàtúù wọlé, wọ́n á nà án ní ọgọ́ta ẹgba, á tún ṣe ẹ̀wọ̀n ọdún kan. Ẹ rí ohun tí ìyẹn ń sọ? Àwọn òbí tó lómìnira ti ń fi ọmọ wọn pamọ́. Wọ́n máa ń tètè fún ọmọ kékeré lọ́kọ kí ààfin má bàa mú un. Nígbà tí ariwo wọn pọ̀ jù, wọ́n wá ṣòfin pé ọmọ ẹrú nìkan ni kó máa lọ. Ọmọ ẹrú ò ní bàbá tó lè pariwo.

Òótọ́ ni pé wọ́n ń gbowó oṣù. Ìrẹsì ni, aṣọ ni, ẹja gbígbẹ ni. Àwọn mìíràn rí ṣe, wọ́n ra ilé, wọ́n gba ọmọ mọ̀lẹ́bí tọ́ kó lè jogún wọn. Ní Joseon, tí ìyàwó ilé ò lẹ́nu níwájú ọkọ, obìnrin tó ní ilé tiẹ̀ àti owó tiẹ̀ kì í ṣe nǹkan kékeré. Mo gbà yẹn fún yín. Ṣùgbọ́n tó bá darúgbó tàbí tí àìsàn kọlù ú, wọ́n á gbé e síta. Ìdílé ọba nìkan ló lẹ́tọ̀ọ́ láti kú sínú ààfin.

Bàbá_Ọ̀yọ́:
Ọmọ yìí mọ̀wé o. Mi ò tíì gbà, ṣùgbọ́n ẹ máa bá a lọ.

Kúnlé_Peckham:
Ẹ jẹ́ ká padà sórí ìbéèrè Àbẹ̀kẹ́. Òfin ti 1746 la gbọ́. Ṣé wọ́n mú ẹnikẹ́ni rí torí lẹ́tà ìfẹ́, lẹ́tà nìkan?

Tíṣà_Ìtàn:
Wọ́n mú wọn o. Ọ̀rọ̀ méjì ni mo fẹ́ sọ, ọdún méjìlá péré ló sì wà láàárín wọn.

Àkọ́kọ́ ṣẹlẹ̀ ní 1453, lásìkò ọba Danjong tó ṣì jẹ́ ọmọdé. Ọmọbìnrin ààfin mẹ́ta, Jungbi, Jageum àti Gaji, ń kọ̀wé sí àwọn ọkùnrin mẹ́ta tó ń jíṣẹ́ láàfin. Álífábẹ́ẹ̀tì tuntun tí ọba Sejong gbé jáde ní 1446 ni wọ́n fi ń kọ ọ́. Kó tó dìgbà yẹn, ìwé Ṣáínà ni gbogbo ìwé, àwọn ọkùnrin ọlọ́lá ló sì mọ̀ ọ́n. Èyí tuntun yìí, èèyàn lè kọ́ ọ láàárín ọjọ́ mélòó kan, àwọn obìnrin sì tètè fọwọ́ gbá a mú. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kọ á bẹ ọ̀rẹ́ tó mọ̀ ọ́n kó bá òun kọ ọ́. Ọdún méje péré lẹ́yìn tí wọ́n gbé e jáde, àwọn ọmọbìnrin ààfin ti ń fi kọ lẹ́tà ìfẹ́. Nígbà tí àṣírí tú, ikú ni òfin sọ. Wọ́n dín in kù: wọ́n kó àwọn ọkùnrin lọ sí àríwá ní Hamgil, wọ́n kó àwọn obìnrin lọ sí Pyeongan, kí gbogbo wọn lọ ṣẹrú ìjọba.

Ìkejì, 1465, kò sí ìdínkù kankan níbẹ̀. Ọba Sejo ló wà lórí oyè, ẹni tó gbàjọba mọ́ Danjong, ọmọ ẹ̀gbọ́n ẹ̀, lọ́wọ́ tí ọmọ náà sì ti ibẹ̀ kú. Obìnrin kan wà tó ń jẹ́ Deokjung. Ìyàwó kékeré Sejo ni kó tó di ọba, ó bímọ fún un, ọmọ náà sì kú. Ọkàn rẹ̀ wá fà sí ìwẹ̀fà kan. Ọba gbọ́, kò pa á, ó gba oyè lọ́wọ́ ẹ̀, ó sọ ọ́ di ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ àṣekúdórógbó. Kò pẹ́, ọkàn rẹ̀ tún fà sí Gwiseong, ọmọ àbúrò ọba. Ó kọ̀wé sí i ní álífábẹ́ẹ̀tì tuntun yẹn, ó fi í rán ìwẹ̀fà méjì. Gwiseong ka ìwé náà, ẹ̀rù bà á, ó gbé e fún bàbá ẹ̀, àwọn méjèèjì sì gbé e tọ ọba lọ.

Wọ́n lu àwọn ìwẹ̀fà tó jíṣẹ́ pa. Wọ́n yẹgi fún Deokjung. Gwiseong ní tiẹ̀, nígbà tó fi máa di 1468 ó ti di olórí gbogbo ìjòyè Kòríà, lẹ́ni ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n.

Àbẹ̀kẹ́_Bódìjà:
Ó gbé ìwé ìfẹ́ tí wọ́n kọ sí i lọ fún ọba! Ọkùnrin!

Kúnlé_Peckham:
Kí lẹ fẹ́ kó ṣe? Kó fi pamọ́ kí wọ́n bẹ́ òun náà lórí? Ẹ fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ẹ ń pa làpálàpá. Ọba lẹ bá wí.

Ṣadé_onígègé:
Gbogbo wa ń sọ̀rọ̀ bíi pé ọkùnrin àti obìnrin nìkan lọ̀rọ̀ yìí kàn. Tíṣà, ẹ ò ní sọ ti ìyàwó Àrẹ̀mọ àti ẹrúbìnrin ẹ̀ fún wọn ni?

Tíṣà_Ìtàn:
Mo ń ro bí mo ṣe máa sọ ọ́ láìdájà sílẹ̀ ni. Ó dáa, ẹ fara balẹ̀, ó gùn.

Ọba Sejong tó dá álífábẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ yìí, Àrẹ̀mọ rẹ̀ tó padà di ọba Munjong kò gbádùn ìyàwó ilé. Wọ́n fẹ́ ọmọ ìdílé Kim fún un ní 1427. Ọkọ ò yà sọ́dọ̀ ẹ̀. Ìránṣẹ́ ẹ̀ kan gbà á nímọ̀ràn pé kó jó bàtà àwọn obìnrin tí ọkọ ń bá rẹ́rìn-ín, kó bu eérú ẹ̀ sínú ọtí fún ọkọ mu. Ó gé bàtà, ó jó o, kò tíì ráyè fi ṣe nǹkan kan tí àṣírí fi tú. Ní 1429, wọ́n lé ìyàwó lọ sílé bàbá ẹ̀. Ìránṣẹ́ ni wọ́n bẹ́ lórí.

Ọdún yẹn náà ni wọ́n mú ọmọ ìdílé Bong wá rọ́pò. Òun náà, ọkọ ò wò ó. Sejong pe ọmọ ẹ̀, ó bá a sọ̀rọ̀, àbọ̀ rẹ̀ ò dáa. Nígbà tó yá ó ṣàròyé fún àwọn ìjòyè pé òbí ló bí òun o, ṣùgbọ́n òbí wo ló lè kọ́ ọmọ ní ohun tó ń lọ ní yàrá. Wọ́n fẹ́ ìyàwó kékeré mẹ́ta kún un torí pé wọ́n ń wá ọmọkùnrin. Ọ̀kan nínú wọn, ọmọ ìdílé Gwon, lóyún. Bong sunkún débi pé wọ́n ń gbọ́ ọ káàkiri ààfin. Nígbà tó yá, òun náà lóyún. Gbogbo ààfin ń yọ̀. Lẹ́yìn oṣù kan ó ní oyún ti wálẹ̀, pé ohun tó jáde wà lábẹ́ aṣọ ìbora òun. Wọ́n rán ìyá àgbà kan lọ wò ó. Kò sí nǹkan kan lábẹ́ aṣọ ìbora.

Ìwé kan wà tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn obìnrin ní ìwà àwọn aya rere àtijọ́. Wọ́n mú un wá fún Bong pé kó máa kà á. Ó jù ú sí àgbàlá.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ So-ssang jáde. Ẹrúbìnrin tó ń tọ́jú ẹ̀ ni. Bong ò jẹ́ kó kúrò lójú òun. So-ssang àti Danji, ìránṣẹ́ Gwon, fẹ́ràn ara wọn. Bong wá ń rán ẹlòmíì tẹ̀ lé So-ssang kó má bàa bá Danji ṣeré. Ohun tó kọ́kọ́ tú àṣírí ni ibùsùn. Ìyàwó Àrẹ̀mọ bẹ̀rẹ̀ sí í ká ibùsùn fúnra ẹ̀, kò jẹ́ kí ìránṣẹ́ kankan fọwọ́ kan aṣọ ìbora mọ́, So-ssang nìkan ló ń fọ̀ ọ́. Ìyàwó Àrẹ̀mọ, tí kì í gbé ife omi fúnra ẹ̀! Àwọn ìránṣẹ́ rí i, ẹnu ń sọ fún ẹnu, ó dé etí ọba.

Kúnlé_Peckham:
Haa. Ìtàn ìfẹ́ gidi nìyí. Obìnrin tí ọkọ pa tì, ó rí ẹni fẹ́ràn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe fíìmù èyí.

Ṣadé_onígègé:
Rárá, Kúnlé. Ẹ̀gbẹ́ Bong nìkan lo gbọ́. Nígbà tí ọba pe So-ssang kó wá rojọ́, ó ní ìyàwó Àrẹ̀mọ pe òun wọlé lálẹ́, ó ní kí òun bọ́ṣọ, òun kọ̀, ó fi tipátipá mú òun títí òun fi bọ́ díẹ̀, ó wá bọ́ èyí tó kù fúnra ẹ̀. Bong máa ń bínú sí i pé, "Èmi fẹ́ràn rẹ gan-an, ìwọ ò fẹ́ràn mi." So-ssang sì ti ń sọ fún àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ pé ìfẹ́ tí ìyàwó Àrẹ̀mọ ní sí òun ju ti èèyàn lọ, ẹ̀rù ń ba òun.

Ẹrú ni. Olówó ẹ̀ ní kó wá sùn. Ibo ló fẹ́ gbà?

Ìyá_Ìbejì:
Ẹ dúró. Níwájú ọba ló ti sọ gbogbo èyí? Ọmọ mi, tí wọ́n bá gbé mi síwájú ọba tó lè pa mí, èmi náà á sọ pé wọ́n fipá mú mi ni. Kí lẹ fẹ́ kó sọ? Pé ó dùn mọ́ òun?

Ṣadé_onígègé:
Mọ̀mí, ẹ gba mi lẹ́nu. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ohun tó sọ fún àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ pé ẹ̀rù ń ba òun, ìyẹn ti wà kó tó dé iwájú ọba. Àti pé ẹ gbọ́ ohun tí Bong náà sọ nígbà tí wọ́n bi í. Kò gbà pé òun bá So-ssang sùn. Ó ní So-ssang àti Danji ló ń bá ara wọn sùn, tọ̀sán-tòru. Ẹni tó láyé lọ́wọ́ ju ẹ̀bi sórí ẹrú méjì. Mo káàánú Bong torí ohun tí ilé yẹn fojú ẹ̀ rí, àmọ́ mi ò ní pè é ní akọni.

Bàbá_Ọ̀yọ́:
Kí wá ni ọba ṣe?

Tíṣà_Ìtàn:
Sejong lé Bong lọ sílé bàbá ẹ̀ ní oṣù kẹwàá 1436. Ọmọ ìdílé Gwon tó bímọ di ìyàwó àgbà ní 1437, ó bí Danjong ní 1441, ó sì kú lẹ́yìn ìbí náà. Munjong ò fi ẹlòmíì sípò ìyàwó àgbà mọ́ títí tó fi kú.

Ní ti àwọn ìránṣẹ́, Sejong sọ pé ó ti pẹ́ tí òun ti gbọ́ pé àwọn obìnrin ààfin ń bá ara wọn sùn, òun sì ti ṣòfin pé kí wọ́n máa na ẹni tí wọ́n bá mú ní àádọ́rin ẹgba. Wọn ò jáwọ́, wọ́n sọ ọ́ di ọgọ́rùn-ún. Àádọ́rin ò dá wọn dúró! Ìyẹn nìkan ti tó láti mọ iye wọn.

Ẹ má sì gbàgbé pé Sejong yìí kan náà ló fún àwọn ẹrúbìnrin ìjọba ní ọgọ́rùn-ún ọjọ́ ìsinmi lẹ́yìn ìbímọ ní 1426, tó fi ọgbọ̀n ọjọ́ kún un ṣáájú ìbímọ ní 1430, tó tún fún ọkọ wọn náà ní ọgbọ̀n ọjọ́ ní 1434. Ọba rere ni. Mi ò sọ ọ́ fi gbè é. Bí ọba rere ṣe ń ṣe sí obìnrin láàfin rèé, ẹ wá fojú inú wo ọba búburú.

Bàbá_Ọ̀yọ́:
Hmm. Àwọn ọkùnrin ńkọ́? Tí ọkùnrin ọlọ́lá bá ṣe irú ẹ̀?

Tíṣà_Ìtàn:
Bàbá, ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara ẹ̀. Ní 1480, wọ́n pa obìnrin kan tó ń jẹ́ Eoudong. Mọ̀lẹ́bí ọba ni ọkọ ẹ̀. Aṣẹ́wó olórin kan ni ọkọ yìí ń lé kiri, ó sì lé ìyàwó síta. Iléeṣẹ́ tó ń bójú tó ìdílé ọba ní kó mú un padà, kò mú un. Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í yan ọ̀rẹ́kùnrin, ẹrú wà níbẹ̀, ìjòyè wà níbẹ̀, mọ̀lẹ́bí ọba pàápàá wà níbẹ̀. Àwọn kan nínú ìjòyè sọ fún ọba Seongjong pé òfin ò pa irú ẹni bẹ́ẹ̀, lílé ni kí wọ́n lé e jìnnà. Ọba ní tí òun ò bá pa á, ìwà àwọn obìnrin ìlú á bàjẹ́. Wọ́n yẹgi fún un. Àwọn ọkùnrin, ẹni tí wọ́n lé nílùú, wọ́n pè é padà láàárín bí ọdún méjì.

Seongjong yìí náà ló gbé ìwé òfin 1485 jáde tó ní ọmọkùnrin tí ìyá ẹ̀ bá fẹ́ ọkọ kejì ò gbọdọ̀ ṣe ìdánwò iṣẹ́ ìjọba. Ọdún 1894 ni wọ́n tó fún opó láyè láti tún ọkọ fẹ́.

Àbẹ̀kẹ́_Bódìjà:
Ṣé kò sí ẹyọ obìnrin kan tó sọ pé rárá tó sì mú un jẹ ni? Èmi ti gbọ́ nípa obìnrin ààfin kan tó kọ ọba, tí ọba sì dúró dè é.

Tíṣà_Ìtàn:
Seong Deok-im lò ń sọ. Ọba Jeongjo, ẹni tó jọba láti 1776 sí 1800, ló fẹ́ ẹ. Ọmọ ààfin ni obìnrin náà, wọ́n bí i ní 1753, ìyá ọba ló tọ́ ọ dàgbà. Ó mọ̀wé. Ní 1773, òun àti àwọn àbúrò ọba lóbìnrin pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́ ààfin mìíràn jókòó, wọ́n fọwọ́ da ìwé ìtàn àròsọ kan kọ, ìdìpọ̀ mẹ́wàá.

Nígbà tí wọ́n ṣì kéré, ní 1766, Jeongjo ní kó wá di tòun. Ó sunkún, ó ní ìyàwó àgbà ò tíì bímọ, òun ò lè gbà, ó fi ikú búra. Jeongjo fi í sílẹ̀. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kọjá, ó ti di ọba, ó tún pè é. Ó tún kọ̀.

Kúnlé_Peckham:
Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún! Ẹ̀yin obìnrin, ẹ rí ọkùnrin.

Tíṣà_Ìtàn:
Kúnlé, jẹ́ kí n parí. Nígbà tó kọ̀ lẹ́ẹ̀kejì, ọba mú àwọn ìránṣẹ́ obìnrin náà, ó jẹ wọ́n níyà. Ìgbà yẹn ló gbà. Jeongjo fúnra ẹ̀ ló kọ èyí sínú ọ̀rọ̀ tó kọ fún sàréè ẹ̀, ẹnikẹ́ni ò parọ́ mọ́ ọn. Ó bí Àrẹ̀mọ fún ọba ní 1782. Èéyi pa ọmọ náà nínú oṣù karùn-ún 1786. Oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn, ìyá náà kú pẹ̀lú oyún nínú.

Ìyá_Ìbejì:
Wọ́n jẹ ọmọ-ọ̀dọ̀ ẹ̀ níyà títí ó fi sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, ẹ ń pè é ní ìfẹ́.

Kúnlé_Peckham:
Mọ̀mí, ọba ni. Ọba tó lè pàṣẹ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó dúró lọ́dún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ó kọ ọ̀rọ̀ sàréè fún un lọ́wọ́ ara ẹ̀. Tí kò bá fẹ́ràn ẹ̀, kí ni yóò fi ṣe bẹ́ẹ̀?

Ìyá_Ìbejì:
Èmi ò sọ pé ọba ò fẹ́ràn ẹ̀. Obìnrin náà ni mò ń béèrè. Ta ló kọ ohun tó wà lọ́kàn tiẹ̀ sílẹ̀?

Ṣadé_onígègé:
Ẹ sì wo ohun tó lè máa bẹ̀rù. Ìtàn Jang Huibin ò tíì pé ọgọ́rùn-ún ọdún nígbà yẹn. Obìnrin ààfin lòun náà, ọba Sukjong fẹ́ràn ẹ̀, ó bímọkùnrin, wọ́n sọ ọ́ di olorì àgbà ní 1690. Ní 1694 wọ́n rọ̀ ọ́ lóyè. Ní 1701 wọ́n fún un ní májèlé mu. Tí mo bá jẹ́ Seong, tí mo ní abẹ́rẹ́ mi, tí mo ní ìwé mi àti àwọn ọ̀rẹ́ tí a jọ ń dà á kọ, èmi náà á sá fún yàrá ọba.

Bàbá_Ọ̀yọ́:
Ẹ̀yin ọmọ yìí fẹ́ yí mi lọ́kàn padà. Ìbéèrè kan ló kù fún mi: tí ọba bá kú tàbí tó bá tú wọn sílẹ̀, ṣé wọ́n lè fẹ́ ẹni tó wù wọ́n?

Tíṣà_Ìtàn:
Rárá, Bàbá. Wọ́n máa ń tú àwọn kan sílẹ̀ tí ọ̀dá bá dá, torí wọ́n gbà pé ìbànújẹ́ àwọn obìnrin tí kò lọ́kọ ló ń dá òjò dúró. Àwọn ọkùnrin yẹn mọ̀ pé inú àwọn obìnrin wọ̀nyí ò dùn, wọ́n mọ̀ ọ́n débi pé wọ́n ń fi ìdí ọ̀dá tì í. Síbẹ̀, ẹni tí wọ́n tú sílẹ̀ ṣì jẹ́ obìnrin ọba. Òṣìṣẹ́ ìjọba tó bá mú un sílé, ọgọ́rùn-ún ẹgba.

Àbẹ̀kẹ́_Bódìjà:
Ẹ ṣeun gan-an ni. Ìbéèrè tó kẹ́yìn: báwo la ṣe mọ gbogbo èyí? Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní yàrá ìyàwó Àrẹ̀mọ ní 1436, ta ló ń kọ ọ́ sílẹ̀?

Tíṣà_Ìtàn:
Àwọn akọ̀wé ààfin. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń kọ ohun tí ọba sọ àti ohun tó ṣe, ìgbà tí ọba bá kú ni wọ́n tó ń kó o jọ di ìwé. Ọba ò lẹ́tọ̀ọ́ láti kà á. Sejong gbìyànjú láti ka ti bàbá ẹ̀, àwọn ìjòyè ò gbà fún un. Ní ti Bong, Sejong ní kí wọ́n má fi ọ̀rọ̀ So-ssang sínú ìkéde tí ará ìlú máa gbọ́, ìtìjú ni. Kí wọ́n sọ pé ó ń jowú, pé kò bímọkùnrin, pé ó ń mú kí àwọn ìránṣẹ́ máa kọrin. Akọ̀wé kọ ìkéde náà bí ọba ṣe wí. Ó tún kọ ọ̀rọ̀ So-ssang, ó sì kọ ọ́ pé ọba ní kí wọ́n má sọ ọ́.

Gbogbo ẹ̀ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, ìjọba Kòríà ló gbé e síbẹ̀, ní èdè Kòríà àti ìwé Ṣáínà àtijọ́. Fóònù rẹ á túmọ̀ rẹ̀ dé ìwọ̀n tó máa yé ọ. Wá ọdún kejìdínlógún Sejong, oṣù kẹwàá, ọjọ́ kẹrìnlélógún àti kẹrìndínlọ́gbọ̀n.

Kúnlé_Peckham:
Ìyàwó mi ti ń kà á. A ò ní sùn lónìí náà.